Ìjẹ wo ni kí n kọ́kọ́ rà fún ẹja bass? Ekòló rọ́bà ni, bẹ́ ẹ ṣe máa lò ó rèé

Ìbéèrè yìí ò kúrò lẹ́nu àwọn tó ń fi ìwọ̀ pa bass, ẹja odò àti adágún kan, rárá. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọ̀pá ìwọ̀ á rí ìjẹ ayédèrú lóríṣiríṣi, èyí tó ń dán, èyí tó ń mì ìdí, èyí tí wọ́n ya ojú sí lára, á kó gbogbo ẹ̀ sápò, tó bá dé etí omi á máa so èyí á máa tú tọ̀hún, ilẹ̀ á ṣú kò ní rí ẹja kan pa, á wá béèrè pé ìjẹ wo ló dáa jù gan-an.

Mi ò ní fi falẹ̀. Ekòló rọ́bà ni, ínǹṣì 6 sí 7, tẹ́ ẹ so ní Texas rig, ìyẹn ọ̀nà ìso tó ń fi ṣóńṣó ìwọ̀ pamọ́ sára ekòló. Ẹ kọ́ ìyẹn kó mọ́ yín lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó náwó lórí òmíràn. Ó ń wọ inú koríko àti igi láìfi bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tó jìn àti ibi tí ò jìn, èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni pé tẹ́ ẹ bá ń lò ó, tipátipá lẹ máa fi kọ́ ohun tó ń pa bass ju ìjẹ fúnra ẹ̀ lọ, ìyẹn ibi tẹ́ ẹ jù ú sí àti bẹ́ ẹ ṣe rọra fà á tó.

Nínú oríṣi bass, largemouth ni mò ń bá wí jù níbí o, èyí tí ẹnu ẹ̀ fẹ̀ yẹn. Smallmouth, oríṣi tí ẹnu ẹ̀ kéré, náà ń jẹ ekòló, àmọ́ àpáta àti omi tó tutù díẹ̀ lòun fẹ́ràn, ìjẹ kékeré ló sì máa ń gbà jù.

Ohun tẹ́ ẹ máa kó dání

- Ọ̀pá spinning tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 7, medium-heavy (ìyẹn tó le díẹ̀), tí ṣóńṣó ẹ̀ kì í rọ̀ jù.
- Ríìlì spinning, ìyẹn ohun tó ń ká okùn, tó ń rọ̀ sábẹ́ ọ̀pá. Baitcaster, ríìlì tó ń jókòó sórí ọ̀pá, náà dáa, àmọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, okùn á kàn máa lọ́ pọ̀ nínú ríìlì ni, ìdajì ọjọ́ lẹ máa fi tú u.
- Okùn braid (okùn híhun) 15 sí 20 lb (ìwọ̀n tó lè fà kó tó já) nínú ríìlì, kẹ́ ẹ wá so fluorocarbon (okùn ike tó mọ́ gaara) 12 lb bíi mítà kan àbọ̀ mọ́ iwájú ẹ̀. Double uni ni kókó tẹ́ ẹ máa fi so méjèèjì pọ̀.
- Ìwọ̀ offset (èyí tí ọrùn ẹ̀ ṣẹ́ kọ́rọ́) tí nọ́ńbà ìtóbi ẹ̀ jẹ́ 3/0, páálí kan ti tó.
- Òjé onírìsí ọta ìbọn: gíráàmù 3.5, 7 àti 10.
- Ekòló rọ́bà àwọ̀ méjì péré. Mo máa sọ èyí tó yẹ nísàlẹ̀.
- Ẹ̀mú ẹlẹ́nu gígùn, sísọ́ọ̀sì, àti awò ojú. Awò yẹn kì í ṣe fún ṣakará o, ìjẹ tó bá já kúrò lára igi lójijì, ojú èèyàn ló máa ń fò bọ̀. Tó bá jẹ́ polarized (èyí tó ń dín dídán ojú omi kù), ó tún máa jẹ́ kẹ́ ẹ rí abẹ́ omi.
- Láísẹ́ǹsì ìpẹja tí òfin ibẹ̀ bá ní kẹ́ ẹ gbà á. Ẹ wo òfin dáadáa, torí àwọn ibì kan wà tí wọn kì í jẹ́ kéèyàn pa bass nígbà tó bá ń yé ẹyin, àwọn míì sì ti fòfin de òjé kéékèèké. Tungsten, irin wíwúwo míì, lẹ máa lò níbẹ̀. Ó kéré lójú ju òjé lọ tí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba, ọwọ́ sì tètè máa ń mọ ohun tó bá kàn lábẹ́ omi. Ó kàn wọ́n ni.

Kẹ́ ẹ tó jù ú: ibo lẹja wà?

Bass ẹja tó ń lúgọ ni. Kì í fẹ́ lé oúnjẹ jìnnà, ńṣe ló máa sá pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan kan, tí ẹja kékeré tàbí edé bá ti ń kọjá lọ níwájú ẹ̀, á lanu báyìí, á fa omi àti oúnjẹ pọ̀ wọlé. Torí náà tẹ́ ẹ bá ń ju ìwọ̀ sáàárín omi gbalasa tí ò sí nǹkankan níbẹ̀, kò sí ìjẹ tó lè gbà yín. Àwọn ibi tẹ́ ẹ máa wá rèé:

- etí koríko, pàápàá ibi tí koríko ti dá tàbí tó ti ya wọlé
- igi tó wó sómi, kùkùté, òpó afárá
- abẹ́ ewé òṣíbàtà
- ibi tí ilẹ̀ abẹ́ omi ti já lójijì, tó kúrò ní mítà kan tó di mẹ́ta

Tí oòrùn bá mú, apá ibi tí òjìji wà lẹ máa kọ́kọ́ jù sí. Tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, etí omi tí atẹ́gùn ń darí sí ló dáa, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ló máa ń ni èèyàn lára jù láti dúró sí, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ ń wọ́ lọ, àwọn ẹja kéékèèké á tẹ̀ lé e, bass á sì tẹ̀ lé àwọn yẹn.

Ẹ wo bí omi ṣe gbóná tó náà. Tó bá wà lábẹ́ 10°C, ara ẹja á wúwo, ẹ fà á kó falẹ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Láàárín 15 sí 20°C ni largemouth máa ń wá sétí omi wá yé ẹyin. Tí ooru bá wá mú gan-an, àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ló dáa létí omi, ọ̀sán ẹ wá ibòji tó ṣú tàbí ibi tó jìn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa so Texas rig

1. Ki okùn bọ inú òjé láti apá ibi tó ṣóńṣó. Ṣóńṣó yẹn gbọ́dọ̀ kọjú sí ọ̀pá yín, ìdí ẹ̀ tó fẹ̀ ló máa kọjú sí ìwọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé e lódì, gbogbo koríko ló máa gbá bọ̀.
2. So ìwọ̀ pẹ̀lú kókó Palomar. Ẹ ká okùn sí méjì bíi ìwọ̀n ìka ọwọ́ mẹ́fà, ẹ ki orí tẹ́ ẹ ká yẹn bọ ojú ìwọ̀, ẹ ta kókó kan tó dẹ̀, ẹ wá mú orí okùn yẹn kẹ́ ẹ fi ìwọ̀ kọjá láàárín ẹ̀ látòkè délẹ̀. Ẹ fi itọ́ tàbí omi rin ín kẹ́ ẹ tó fà á le. Ẹ má fo ibi itọ́ yìí o, tẹ́ ẹ bá fa okùn gbígbẹ le, ó máa ń gbóná, ibẹ̀ náà ló sì máa já tí ẹja ńlá bá gbé e.
3. Ki ẹnu ìwọ̀ bọ orí ekòló gangan, kó wọlé bíi sẹ̀ǹtímítà kan, kó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́.
4. Fa ìwọ̀ já títí ojú ẹ̀ tẹ́ ẹ so okùn mọ́ fi máa wọnú orí ekòló, kẹ́ ẹ wá yí ìwọ̀ náà kí ẹnu ẹ̀ kọjú sí ara ekòló.
5. Ẹ jẹ́ kí ekòló ṣò wálẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ìwọ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ wo ibi tí ìsàlẹ̀ ìwọ̀ bá a mu. Ẹ fi èékánná sàmì síbẹ̀. Ibi táwọn èèyàn ti máa ń kánjú nìyí.
6. Ká ekòló díẹ̀, kẹ́ ẹ ki ẹnu ìwọ̀ wọlé níbi àmì yẹn kó já sí òdìkejì. Ẹ wá fà á díẹ̀ kẹ́ ẹ fi ṣóńṣó ìwọ̀ pamọ́ sábẹ́ awọ ekòló fẹ́ẹ́rẹ́. Ìyẹn ni ò ní jẹ́ kó kọ́ igi.
7. Gbé e sókè, ẹ wò ó. Ó gbọ́dọ̀ nà tààrà. Tó bá lọ́ tàbí tó ká, ẹ tú u, ẹ tún un ki, torí ekòló tó lọ́ á máa pòòyì bọ̀ nínú omi, á sì lọ́ okùn yín mọ́ra, ẹja tiẹ̀ ń sá fún un.

Òjé gíráàmù 7 ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Níbi tí ò jìn tí ò sátẹ́gùn, ẹ bọ́ sí 3.5. Tó bá jìn tàbí tí atẹ́gùn pọ̀, 10. Òfin tèmi ni pé èyí tó fúyẹ́ jù tẹ́ ẹ ṣì lè mọ̀ pé ó ti kanlẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò. Tí koríko bá wá ki gan-an, ẹ fi igi ìtayín ha òjé yẹn mọ́ okùn kó má baà yà kúrò lórí ekòló, ẹ dá igi tó bá ṣẹ́ kù.

Bẹ́ ẹ ṣe máa fà á (ibí ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà)

1. Jù ú kó kọjá ibi tẹ́ ẹ fẹ́ díẹ̀, kì í ṣe lé ẹja lórí.
2. Ẹ dẹ okùn sílẹ̀ díẹ̀ kó rọra rì, kẹ́ ẹ máa wo ibi tí okùn ti wọ omi. Ẹ má wo ojú ọ̀run, ẹ má sì wo fóònù. Ọ̀pọ̀ bass ló ń gbé e nígbà tó ń rì lọ́wọ́. Tí okùn bá dúró kó tó yẹ kó kanlẹ̀, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹja ti gbé e nìyẹn.
3. Tó bá kanlẹ̀, okùn á dẹ̀. Ẹ dúró. Kẹ́ ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.
4. Ẹ rọra gbé ọ̀pá sókè, òjé á fò díẹ̀ kúrò nílẹ̀, ẹ jẹ́ kó tún rì, ẹ wá fi ríìlì ká okùn tó dẹ̀. Ọ̀pá lẹ fi ń gbé ekòló rìn, kì í ṣe ríìlì.
5. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí tó fi máa kúrò níbi tẹ́ ẹ fura sí, ẹ fà á padà kíákíá, kẹ́ ẹ tún un jù.

Ohun tọ́wọ́ ń gbọ́ yàtọ̀ síra. Òkúta máa ń ró kọ̀-kọ̀ lọ́wọ́, ó le. Igi, á gùn ún lọ díẹ̀díẹ̀, á wá já bọ́ lódìkejì. Koríko máa ń fà, ó wúwo, ṣùgbọ́n ó rọ̀. Ẹja ní tiẹ̀, "tó" kan báyìí, nígbà míì méjì, bí ìgbà téèyàn fi ìka ta okùn yẹn lápá ọ̀hún. Ìgbà míì ẹ ò tiẹ̀ ní gbọ́ nǹkankan, ẹ kàn máa rí i pé òjé ò sí lọ́wọ́ mọ́, ó fúyẹ́ lójijì. Ẹja ti gbé e ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ni.

Tó bá ti dà bẹ́ẹ̀, ẹ rẹ ọ̀pá sílẹ̀, ẹ ká okùn tó dẹ̀ kíákíá, kẹ́ ẹ wá fi gbogbo apá fa ọ̀pá sókè lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ ẹ bá fà á nígbà tí okùn ṣì dẹ̀, òfo lẹ fà, torí ìwọ̀ yẹn ní láti la rọ́bà kọjá kó tó dé ẹnu ẹja. Ẹ má sì dúró pẹ́ o, bass lè tu ìjẹ dànù kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú.

Tí àwọn ẹja bá ń wò ó tí wọn ò jẹ: wacky rig

Ekòló náà ni, àmọ́ èyí tó ki tó sì kúrú, ínǹṣì 5, tí iyọ̀ wà nínú ẹ̀.

1. Ẹ ti òrùka rọ́bà kékeré bọ àárín ekòló.
2. Ẹ ki ìwọ̀ kékeré (1 tàbí 1/0) sábẹ́ òrùka yẹn, kí ẹnu ẹ̀ wà níta.
3. Ẹ má so òjé kankan. Ẹ jù ú, ẹ dẹ okùn, ẹ máa wò ó.

Bó ṣe ń rì ni apá méjèèjì ẹ̀ á máa gbọ̀n. Gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn, ẹ ò ní ṣe nǹkan míì. Ó dáa gan-an nínú omi tó tòrò, níbi tí apẹja ti pọ̀ tí ojú ẹja ti là. Ìṣòro ẹ̀ ni pé ẹnu ìwọ̀ wà níta, á kọ́ igi, ẹja sì máa ń gbé e mì kíákíá, torí náà tẹ́ ẹ bá ti fura pẹ́nrẹ́n, ẹ rọra fa ọ̀pá, ẹ má fi agbára ti Texas fà á.

Ìgbà tí ekòló ò bá tó

*Spinnerbait (ìjẹ oníwáyà tí abẹ irin ń yí lára ẹ̀):* omi tó rú, tàbí ọjọ́ tí atẹ́gùn ń jà. Ẹja á gbọ́ ìgbọ̀nrìrì abẹ irin ẹ̀ lára kó tó fojú rí i. Abẹ roboto (Colorado) fún omi rírú, abẹ gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ (willow) fún omi tó mọ́. Ẹ kàn jù ú kẹ́ ẹ máa ká a bọ̀.

*Crankbait (ìjẹ líle tó dà bí ẹja, tó ní ahọ́n níwájú):* tẹ́ ẹ bá fẹ́ wá ẹja kiri kíákíá. Èyí tí ahọ́n ẹ̀ kúrú tó sì gún igun (squarebill) ni kẹ́ ẹ lò níbi tí ò jìn, kẹ́ ẹ mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó kọlu igi àti òkúta. Bó bá ṣe kọlù ú tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn ni ẹja máa ń gbé e. Tó bá fẹ́ há, ẹ má fà á, ẹ dẹ okùn, á léfòó kúrò fúnra ẹ̀.

*Àkèré rọ́bà:* èyí ló dùn jù, kò síyè méjì. Orí òṣíbàtà àti koríko tó bo omi, nígbà tí omi bá ti gbóná ju 15°C lọ, àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ tàbí ọjọ́ tí ìkùukùu bò. Braid 50 sí 65 lb nìkan o, kò sí fluorocarbon níbẹ̀, torí fluorocarbon ń rì. Tí omi bá fọ́ gbàù lábẹ́ ẹ̀, ẹ má fa nǹkankan! Ẹ dúró dìgbà tọ́wọ́ yín bá gbọ́ pé ó wúwo, kẹ́ ẹ wá fà á. Ojú ló ń tan èèyàn níbẹ̀, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́.

Àríyànjiyàn àwọn apẹja

*Àwọ̀.* Àwọn kan á bá yín jà lórí àwọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Illinois ti dán ojú largemouth wò, wọ́n rí i pé ó mọ pupa àti àwọ̀ ewé dáadáa, àmọ́ búlúù àti dúdú máa ń rú u lójú, bẹ́ẹ̀ náà ni funfun àti yẹ́lò tó ń tàn (chartreuse). Torí náà ẹni tó ń pààrọ̀ dúdú sí búlúù látàárọ̀, ara ẹ̀ ló ń yọ lẹ́nu. Méjì ti tó yín: green pumpkin (àwọ̀ ewé tó fara jọ àwọ̀ ilẹ̀) fún omi tó tòrò, dúdú tó ní búlúù fún omi rírú àti fún ìgbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú.

*Okùn.* Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn braid ní kì í nà, èèyàn ń gbọ́ ohun gbogbo. Òótọ́ ni, àmọ́ òkúta máa ń tètè gé e, ó sì hàn kedere nínú omi. Àwọn ti fluorocarbon ní ẹja kì í fi bẹ́ẹ̀ rí tiwọn, ó sì ń rì, àmọ́ ó máa ń ká lórí ríìlì spinning tó bá nípọn. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ so méjèèjì pọ̀ nìyẹn.

*Òórùn.* Ọ̀pọ̀ ń fi òróró olóòórùn pa ekòló. Ní tèmi, kò lè pe ẹja wá láti ọ̀nà jíjìn, àmọ́ tẹ́ja bá ti gbé e, ó lè jẹ́ kó dì í mú díẹ̀ sí i. Tó bá wà lọ́wọ́ ẹ lò ó, tí ò bá sí, ẹ má torí ẹ̀ padà sílé.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Ìkánjú. Tẹ́ ẹ bá rò pé ó ti falẹ̀ tó, ẹ tún dín in kù.
- Wọ́n á ju ẹ̀ẹ̀kan síbi igi dáadáa, wọ́n á kúrò. Ẹ jù ú sápá òsì, sápá ọ̀tún, sí ìdí ẹ̀, ẹja á máa wà níbẹ̀.
- Ẹnu ìwọ̀ tó ti kú. Ẹ fi gbá èékánná, tó bá ń yọ̀ tí ò kọ́, ẹ lọ̀ ọ́ tàbí kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀.
- Okùn tó ti bó. Lẹ́yìn ẹja kọ̀ọ̀kan àti igi kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìka méjì ra okùn náà sókè sódò láti ibi ìwọ̀. Tó bá ti ń họ ìka, ẹ gé e, ẹ tún un so.
- Ariwo. Ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ fi ń kilẹ̀ létí omi, ẹja ń gbọ́ ọ.

Ẹja ti dé ọwọ́

1. Ẹ fi omi rin ọwọ́, kí ohun tó ń yọ̀ lára ẹja má baà ṣí kúrò, òun ló ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ àrùn.
2. Ẹ fi àtàǹpàkò di ètè ìsàlẹ̀ ẹ̀ mú, eyín ẹ̀ kéékèèké ni, kì í geni jẹ. Ìjẹ oníwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta ló yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, tó bá wà lẹ́nu ẹ̀, ẹ̀mú ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe ìka.
3. Tó bá tóbi, ẹ fi ọwọ́ kejì gbé ikùn ẹ̀. Ẹ má fi àgbọ̀n nìkan gbé e ní ìbú láti ya fọ́tò, ẹ lè ṣe é léṣe.
4. Tó bá ti gbé ìwọ̀ mì tí ẹ̀mú ò dé ibẹ̀, ẹ gé okùn mọ́ ojú ìwọ̀ tímọ́tímọ́, kẹ́ ẹ dá a padà, ó sàn ju kẹ́ ẹ fà á ya lọ.
5. Ẹ má kó bass láàyè láti adágún kan lọ dà sí òmíràn. Níbi tí kì í ti ṣe ẹja ibẹ̀, ó máa ń jẹ ẹja kéékèèké tó bá níbẹ̀ run, ọ̀pọ̀ ìlú ló sì kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin.

Bẹ́ ẹ ṣe máa tọ́jú ekòló

Ẹ fi kálukú sínú ọ̀rá tó bá wá. Ẹ má da oríṣi méjì pọ̀, pàápàá àwọn tí wọ́n fi ElaZtech (oríṣi rọ́bà kan) ṣe, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Z-Man ń tà, tó bá kan rọ́bà yòókù ṣe ni wọ́n á yọ́ mọ́ra wọn, ẹ máa ṣí páálí ẹ máa bá ọbẹ̀ àwọ̀ méjì níbẹ̀. Èyí tó bá ya, ẹ má jù ú sómi, kì í jẹrà, ẹja àti ẹyẹ lè gbé e mì. Tó bá sì jẹ́ orí nìkan ló ya lára ekòló kíki tẹ́ ẹ fi ṣe wacky, ẹ gé ibi tó ya sọnù kó ku bíi ínǹṣì 3, kẹ́ ẹ ki í sórí ìwọ̀ kékeré olórí olú, Ned rig nìyẹn, ó sì wà lára ohun tí smallmouth fẹ́ràn jù.